Rọ́bà Mẹ́rin Lábẹ́ Àpótí Báàsì

Baba Báàsì ni àwọn oníbàárà mi ń pè mí, orúkọ náà sì máa ń dùn mọ́ mi nínú tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí bẹ́ẹ̀ níwájú ìyá ìyàwó mi, mi ò kì í mọ ibi tí mo máa fojú sí. Obìnrin yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́ kí n má sọ ohun tí mo fojú rẹ̀ rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yáa ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ohùn ẹnìkan ṣoṣo ló kù tí Màmá ń gbọ́ láyé yìí, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi tó mọ́ tónítóní ni mo sì fi gbà á.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Màmá fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìhunṣọ. Ẹ̀rọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló wà nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ọ̀kan tó ń dákẹ́ gbọ́ tèkejì. Bí o bá fẹnu lé ọmọnìkejì rẹ létí tí o pariwo títí iṣan ọrùn rẹ fi yọ, kò ní gbọ́ ju atẹ́gùn ẹnu rẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe kọ́ láti máa ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Ọ̀kan á wà ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún, èkejì á wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ọ̀gá wọn láìgbé ohùn sókè rárá, ọ̀gá náà á dúró sáàárín wọn, kò ní mọ nǹkankan. Òwú ni wọ́n fi ń dí etí nígbà náà. Kí wọ́n tó mú ohun ìdítí gidi wá, etí Màmá ti lọ.

Ọmọ rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ fún un, Màmá ní ṣe ló ń súfèé sí òun létí ṣáá, ló bá kó o sínú dúrọ́ọ̀ tí òwú ìránṣọ rẹ̀ wà. Ẹnu èèyàn ló ń kà. Bí o bá ń bá a sọ̀rọ̀ tí o wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, o ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé òfófó ń fo Màmá dá. Á jókòó lójú fèrèsé òkè, á máa wo àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ lódìkejì títì, á máa rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n rò pé àwọn ń sọ ní bòńkẹ́lẹ́. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ ládùúgbò pé oníbúrẹ́dì fẹ́ kó lọ, kódà kí ìyàwó oníbúrẹ́dì tó mọ̀.

Ó ku ohun kan tí ìyàwó mi sọ fún mi kí a tó fẹ́ra. Ó ní ìyá òun máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ò gbà á, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń mọ ẹ̀rọ tó fẹ́ bàjẹ́. Á ní ẹ̀rọ kẹrin lápá òsì ti ń tiro. Wọ́n á tú u, wọ́n á sì bá irin tó ti sán nínú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àna mi ń fẹsẹ̀ gbọ́rọ̀. Mo fi ṣe àwàdà, mi ò sì ronú kan án mọ́.

Ọkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, akéde ni ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ohùn ọkùnrin yẹn kì í ṣe ti ọ̀fun. Ìsàlẹ̀ ikùn ló ti ń gbé e bọ̀, tó bá sì ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, ife tó wà lọ́wọ́ rẹ á mọ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra hóòmù tíátà kan: sípíkà kéékèèké márùn-ún àti súbúfà kan, àpótí dúdú ńlá tí ohùn ìsàlẹ̀ ń gbà jáde. Àpótí báàsì ni à ń pè é nílé wa. Ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ká fídíò rẹ̀ níbi tó ti ń pe orúkọ gbogbo ibùdókọ̀ láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, lọ́nà tó ti fi ń pè wọ́n láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Nígbà tó pè wọ́n tán, ó ní kí ìyàwó òun má dáná lálẹ́ ọjọ́ náà, òun ń bọ̀ wá gbé e jáde. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni gbogbo ẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú.

Láti ìgbà náà, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, Màmá á bọ́ sálúbàtà rẹ̀, á jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á tẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì sórí pákó ilẹ̀, á wá fi fídíò yẹn sí i. Ojoojúmọ́ ni. Gbogbo wa rò pé àwòrán ló ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ mi, kí ẹ lè mọ irú ìgbéraga tó gbé mi débi tí mo dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ariwo ni báàsì. Wọ́n á ra àpótí ńlá, wọ́n á tì í sí kọ̀rọ̀ ilé bí ọmọ tó ṣẹ̀, wọ́n á yí bọ́tìnnì rẹ̀ dópin, gbogbo ilé á máa gbọ̀n, wọ́n á ní báàsì ti dé. Irọ́ ni. Ohun tó ń gbọ̀n yẹn, fèrèsé ni, ilẹ̀kùn ni, abọ́ ni. Báàsì gidi kì í da ilé láàmú. Á wá bá ọ níbi tí o jókòó sí, á kàn ọ́ láyà, á sì kọjá lọ. Kí o tó lè rí i bẹ́ẹ̀, o ní láti wá ibi tó yẹ kí àpótí wà nínú yàrá, o sì ní láti fi nǹkan tó rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ má baà dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Mo ní gbólóhùn kan tí mo fi ń dá àwọn oníbàárà lẹ́kọ̀ọ́: ilẹ̀ kì í ṣe sípíkà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa fi orí gbà á.

Ọjọ́ Sátidé kan la lọ kí Màmá, aago mẹ́rin sì bá wa níbẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ló ń gbé, pákó ni ilẹ̀ òkè náà. Bí Bàbá ṣe la ẹnu nínú fídíò báyìí, ife inú kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í gbára wọn, gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n, ìbòjú iná tó wà lókè náà ò gbẹ́yìn. Ìyàwó mi wà lórí fóònù, ó fọwọ́ di etí kejì, ó ní òun ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ara mi bù máṣọ. Ilé àna Baba Báàsì rèé! Bí oníbàárà mi kan bá ń gba ìsàlẹ̀ kọjá lọ ńkọ́?

Mo lọ kó irinṣẹ́ nínú ọkọ̀. Mo gbé àpótí báàsì lé orí àga Màmá gan-an, mo fi orin kan tí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rá kiri ẹsẹ̀ ògiri bí ọmọ oṣù mẹ́jọ, mo ń dẹtí. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ibi tí báàsì bá ti dùn jù létí ẹni tó ń rá, ibẹ̀ la máa gbé àpótí lọ, á sì dùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ létí ẹni tó bá jókòó sórí àga. Màmá fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, ó bi ọmọ rẹ̀ pé kí ni nǹkan tó sọ nù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

Mo rí ibi tó dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ìwé. Mo gbé àpótí síbẹ̀, mo fi rọ́bà dúdú mẹ́rin tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, irú èyí tó ní fóòmù láàárín. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń yan ohùn tó máa gba inú àpótí jáde. Bàbá ti yí i sókè débi pé ohùn ọkùnrin ń gba ibẹ̀, èyí tí iṣẹ́ wa ò fẹ́ rárá. Mo fẹ́ yí i wálẹ̀, ó ti dípẹtà, kò gbà, mo bá fi í sílẹ̀. Ká ní ó gbà ni, bóyá ìtàn yìí ì bá má lójútùú títí dòní.

Nígbà tí mo tún fi fídíò sí i, ife kankan ò mira. Ohùn Bàbá jáde, ó mọ́, ó sì wúwo. Ìyàwó mi gbé fóònù kúrò létí, ó ní láti ọjọ́ tí bàbá òun ti kú, òun ò gbọ́ ohùn rẹ̀ kó dára tó báyìí rí. Orí mi wú. Màmá dúró láàárín pálọ̀ láìwọ bàtà, ó wo àpótí, ó wo ilẹ̀, ó wo ojú àwa méjèèjì tó ń dán. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ ọwọ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, ẹ̀yin ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, kò sì fẹ̀sùn kankan kàn mí rí.

Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n mi ò bi í bó ṣe rí lára rẹ̀. Kí lèèyàn fẹ́ bi adití nípa ohùn? Ohun tí mo rò nìyẹn. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí Màmá ní ẹsẹ̀ òun ti kú. Ìyàwó mi ní ṣé ó ń dùn ún ni, ó ní rárá. Ṣé ó ń ta á? Rárá. Ó kàn ti kú ni, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì. A bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ìdí rẹ̀ ò gbélẹ̀ mọ́ nídìí fídíò yẹn. Á gbé àga síhìn-ín, á gbé e sọ́hùn-ún, á fi omi gbígbóná rẹ ẹsẹ̀, á tún padà wá jókòó. Nígbà tó yá, aago mẹ́rin á lù, kò ní tan nǹkankan. Ó wá kó gbogbo aṣọ Bàbá tó kù nínú wọ́dúróòbù jáde, kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ó ní kí ìyàwó mi kó wọn fún ẹni tó bá nílò wọn. Ìyàwó mi sunkún sínú ọkọ̀ bí a ṣe ń kó wọn lọ. Ó ní ọ̀fọ̀ ló tún padà wá bá ìyá òun. Èmi ni mo wa ọkọ̀, mo sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé Màmá lọ sílé ìwòsàn. Dókítà náà, obìnrin kan tó ní sùúrù, ní kó di ojú, ó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún un lẹ́sẹ̀ káàkiri, Màmá sì ń nàka sí ibi tó gún, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Dókítà bi í pé kí ló wá jẹ́ kó rò pé ẹsẹ̀ náà ti kú. Màmá wo ẹnu dókítà, ó wò mí, ó ní òun kàn mọ̀ ni. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó sọ ọ́ fún mi: ta ló máa sọ fún dókítà pé àtẹ́lẹsẹ̀ lòun fi ń gbọ́ ohùn ọkọ òun tó ti kú, tí wọn ò ní yí ọ̀nà padà fún un, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú orí? Kò sì fura sí ẹ̀rọ. Baba Báàsì ti ní ẹ̀rọ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọmọ òun tí etí rẹ̀ pé sì jẹ́rìí sí i. Ara òun nìkan ló kù tó lè bàjẹ́.

Nígbà tí a lọ lẹ́ẹ̀kẹta, dókítà ní kó lo oògùn kan tó wà fún iṣan, bóyá á ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó ń ṣàlàyé bó ṣe máa lò ó, èmi ti bọ́ sí kọ́rídọ̀, mo ń sọ fún oníbàárà kan lórí fóònù pé ilẹ̀ kì í ṣe sípíkà.

Bó ṣe rí nìyẹn fún oṣù méje.

Ní oṣù keje, lọ́yà kan ní kí n wá tún báàsì ilé òun ṣe, kíákíá ni, àwọn àlejò òun ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo wo ìsọ̀ mi, rọ́bà ti tán, ibi tí wọ́n ti ń tà á sì jìnnà. Mo wá rántí ibi tí mẹ́rin wà. Èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀, ẹnu ara mi ni mo sì fi sọ ọ́ síta: "Màmá ò ní mọ̀." Mo ti sọ ọ̀pọ̀ ìsọkúsọ láyé mi, kò sí èyí tí mo fẹ́ gbé mì padà tó ìyẹn.

Mo bá Màmá ní ilé ìdáná, ó ń fọ abọ́. Mo ní mo kàn yà wá wo ẹ̀rọ ni. Ó gbàdúrà fún mi bó ṣe máa ń ṣe, ó sì padà sídìí abọ́. Mo tan ẹ̀rọ náà láti mọ̀ bóyá ó ṣì dára, fídíò Bàbá ló wà nínú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Mo gbé igun àpótí kan sókè, mo fa rọ́bà ibẹ̀ yọ, mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pé mẹ́rin, mo kó wọn sínú báàgì, mo sì rọra sọ àpótí kalẹ̀ sórí pákó lásán. Àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù tún bẹ̀rẹ̀ ìjà wọn. Mo ń nawọ́ sí rìmóòtù láti yí ohùn wálẹ̀ ni abọ́ kan fi bọ́ fọ́ ní ilé ìdáná.

Màmá jáde wá. Ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, kò wọ bàtà. Kò wo ọ̀dọ̀ mi, kò wo tẹlifíṣọ̀n, ó kọ ẹ̀yìn sí i ni. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ìta. Ó rọra jókòó sílẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí pákó, ẹnu rẹ̀ wá ń mì. Ó ń pe àwọn ibùdókọ̀ náà, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, bí Bàbá ṣe ń pè wọ́n gẹ́lẹ́, kò yá jù ú, kò sì pẹ́ jù ú, ẹ̀yìn ló sì kọ sí àwòrán. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yé mi. Sálúbàtà tó máa ń bọ́, àga tó ń gbé síhìn-ín sọ́hùn-ún, omi gbígbóná, gbogbo wọn dé bá mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó di ọwọ́ mi mú tọṣẹtọṣẹ, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Oògùn yẹn ti ṣiṣẹ́ o. Ẹsẹ̀ mi ti jí. Mo tún ti ń gbọ́ ọ."

Báàgì tí mo kó rọ́bà sí wà léjìká mi nígbà tó ń sọ ọ́. Mo la ẹnu, mo ní, "Ẹ kú oríire, Mà." Mo bá a kó àfọ́kù abọ́, mo sì wa ọkọ̀ mi lọ sílé lọ́yà. Báàsì ilé lọ́yà dára púpọ̀. Ó ní àwọn èèyàn ò parọ́ nípa mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé e sínú. Ìyàwó mi pe gbogbo ẹbí, ó ń yin dókítà bí ẹni tó jí òkú dìde, bẹ́ẹ̀ ni Màmá ń ṣàlàyé fún ọmọ rẹ̀ nísinsìnyí láìtijú, bó ṣe jẹ́ pé láti ọjọ́ yìí wá, ẹsẹ̀ lòun fi ń gbọ́ Bàbá. Ìyàwó mi sunkún, ó ní kí ló dé tí àwọn ò mọ̀. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń mi orí. Wọ́n padà lọ bá dókítà, ó ní tí oògùn bá ti bá a lára mu, kó máa lò ó nìṣó.

Oògùn náà ò sì bá a lára mu. Òòyì ń kọ́ ọ. Á dìde lórí ibùsùn, á di ògiri mú. Lọ́sẹ̀ kẹta ó ṣubú ní balùwẹ̀, ìgúnpá rẹ̀ wú. Ìyàwó mi bẹ̀ ẹ́ pé kó dá oògùn dúró fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tún bi dókítà, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí òòyì máa kọ́ òun, tóun bá dá a dúró, ọkọ òun á tún lọ. Ìyàwó mi wá yíjú sí mi nílé, ó ní, "Ẹ bá mi bá Màmá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́ tiyín. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún yín ju èmi ọmọ wọn lọ." Òótọ́ ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò tó oṣù kan, ó sì ti fẹ́ fọ́ ìyá oníyàá léegun. Mi ò sùn dáadáa ní òru yẹn, mo sì mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tó lè gba oògùn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ àfi èmi.

Mo lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo mú rọ́bà mẹ́rin tuntun dání. Nínú ọkọ̀, mo ti to ohun tí mo máa sọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀: màá jẹ́wọ́, màá bẹ̀bẹ̀, màá ní kó pe ọmọ rẹ̀ kí n sọ ọ́ lójú àwọn méjèèjì, kí n ru ẹrù mi fúnra mi. Mo gbé àpótí ìjókòó kékeré síwájú Màmá, mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ojú ń tì máa ń dorí kodò. Mi ò tíì sọ tó gbólóhùn kan tí mo ti dorí kodò, ilẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Màmá fọwọ́ kàn mí lórúnkún.

"Ẹ gbójú sókè, ọkọ ọmọ mi. Mi ò rí ẹnu yín."

Mo gbójú sókè. Mo ní láti sọ gbogbo rẹ̀ lójú korojú, díẹ̀díẹ̀, kí ètè mi hàn dáadáa, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní álífábẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo débi rọ́bà, kò yé e, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Mo ní kì í ṣe oògùn. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kú rí. Mo ní èmi ni.

Ó ṣì ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ń pa àlọ́ fún. Mo dìde, mo tan fídíò, mo ní kó tẹ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ó tẹ́ ẹ. Ohùn Bàbá wà níbẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Mo gbé àpótí, mo ti rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀ o, èmi ń gbọ́ ọ kedere, ohùn náà tilẹ̀ dára sí i. Mo fa wọn yọ, ojú rẹ̀ tún là. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó nawọ́ gba rọ́bà kan lọ́wọ́ mi, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, fídíò sì parí láìjẹ́ pé ó gbé ojú sókè.

"Oṣù méje," ló wí. "Ó ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo oṣù méje yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo ti dágbére fún un. Mo jókòó síbí, mo ní ó dàárọ̀ o, ara mi ò lè gbọ́ yín mọ́. Mo sunkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kejì yẹn sì dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo kó aṣọ rẹ̀ fúnni." Ó tún tẹ rọ́bà náà. "Kóòtù yẹn, òórùn rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀."

Mo fẹ́ dojú bolẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá dojú bolẹ̀, kò ní mọ̀ pé mò ń bẹ òun. Mo ṣáà kúnlẹ̀, mo gbé ojú mi sókè fún un, mo ń sọ pé ẹ má bínú, ẹ má bínú. Mi ò tíì tijú bẹ́ẹ̀ rí, kí ìtìjú máa tàn lójú mi kí ẹni tí mo ṣẹ̀ sì máa kà á bí ìwé.

Ó gbé rọ́bà náà lé orí tábìlì. Ó mú ìgò oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó wò ó, ó ti ìdérí rẹ̀ dáadáa, ó sì gbé e sẹ́yìn pẹpẹ ìwé níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò ti ní máa dé. Ó wá ní kí n dìde, òrúnkún mi ò ní gba pákó yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ohùn rẹ̀ ò le. Ká ní ó le ni, ì bá sàn fún mi.

"Màá sọ fún ọmọ mi pé dókítà ní oògùn ti tó," ló wí. "Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ èyí lẹ́nu yín. Bàbá rẹ̀ ni. Kò ní lè wò yín bó ṣe ń wò yín mọ́, mi ò sì fẹ́ kí ilé yín..."

Ìgbà yìí ló yẹ kí n sọ èyí tí mo tò nínú ọkọ̀, pé kó pe ọmọ rẹ̀ wá. Mo rántí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Màmá ò tíì sọ gbólóhùn yẹn dópin tí mo ti ní, "Ẹ ṣé, Mà."

Ó kà á lẹ́nu mi. Ó ṣì ń wo ẹnu mi fún ìgbà díẹ̀ sí i, bóyá nǹkan mìíràn kù tí mo fẹ́ sọ. Kò ku nǹkankan.